Sọ́mà ti dé, gúúsù Skọ́tláńdì ni kẹ́ ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn tó ń béèrè pé ibo ni mo máa ń gbé kẹ̀kẹ́ lọ tí ojú ọjọ́ bá ti là báyìí, ìdáhùn rèé, gúúsù Skọ́tláńdì ni. Glasgow náà ni mo ṣì ń gbé, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti jáde nílùú tẹ́ ẹ kọrí sọ́nà Dumfries tàbí tẹ́ ẹ gba ọ̀nà Peebles, kó tó tó wákàtí méjì ẹ ti dénú igbó tí wọ́n la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sí, ọ̀nà tí wọ́n dìídì ṣe fún kẹ̀kẹ́, tí mọ́tò ò lè gbà, tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín igi, tẹ́nikẹ́ni ò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó gùn ún. Owó páàkì nìkan lẹ máa san. Ó máa ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú wa tá a wà nílẹ̀ yìí ò mọ̀ pé irú ẹ̀ wà, iṣẹ́ ni, ilé ni, ṣọ́ọ̀ṣì ni, òde àríyá ni, ooru á wá á lọ, a ò ní fojú kan igbó.

7stanes ni wọ́n ń pe àkójọ igbó yìí. Méje ni wọ́n. Glentress àti Innerleithen wà lápá ìlà oòrùn lágbègbè odò Tweed, Newcastleton wà létí ààlà Skọ́tláńdì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ae àti Mabie ò jìnnà sí Dumfries, Dalbeattie wà nísàlẹ̀ lápá etí òkun, Kirroughtree wà ní Galloway lápá ìwọ̀ oòrùn pátápátá. Òkúta ni àwọn ará Skọ́tláńdì ń pè ní stane, torí wọ́n gbé òkúta ńlá kan tí wọ́n fi dárà sínú ìkọ̀ọ̀kan wọn, ẹni tó bá gun ọ̀nà ibẹ̀ á kàn án lójú ọ̀nà. Àwọn àgbà ibẹ̀ kì í gbàgbé ọdún 2001, ọdún tí àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu bẹ́ sílẹ̀ láàárín màlúù àti àgùntàn, agbègbè Dumfries àti Galloway wà lára ibi tó ti le jù, wọ́n pa ẹran ọ̀sìn lọ bẹẹrẹ, wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má rìn nínú oko àti igbó mọ́, àwọn onílé àlejò ò rí àlejò gbà. Àsìkò yẹn náà ni àwọn tó ń bójú tó igbó ìjọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀nà kẹ̀kẹ́ yìí, wọ́n fi pe èèyàn padà wá sí àwọn ìlú kéékèèké tí kò sí ohun tó ń mú àlejò dé mọ́. Tẹ́ ẹ bá dé Dalbeattie tàbí Innerleithen lónìí tẹ́ ẹ rí bí àwọn ọlọ́kẹ̀kẹ́ ṣe kún inú ilé kọfí, ẹ máa mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn dáa.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín nìyí: ẹ má jókòó ti igbó kan. Àwọn kan wà tá a jọ máa ń gùn, èèyàn dáadáa ni wọ́n, àmọ́ Glentress ni lónìí, Glentress ni lọ́la, wọ́n ti mọ gbogbo kọ́nà ibẹ̀ sórí. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń pàdánù. Ilẹ̀ ibì kan ò jọ ti ibòmíì, ilẹ̀ yẹn ló sì ń pinnu gbogbo nǹkan, òun ló ń sọ bóyá táyà yín á dì mú àbí á yọ̀, òun ló ń sọ bóyá ọ̀nà á dán bíi ti títì àbí òkúta á máa gbá yín lọ́wọ́ títí ẹ ó fi délẹ̀. Ẹni tó bá ti gun ilẹ̀ oríṣiríṣi nínú sọ́mà kan, ara ẹ̀ á ti gbọ́n lọ́nà tí ẹni tó ń gun ọ̀nà kan ṣoṣo ò lè gbọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ti Glentress bẹ̀rẹ̀ ṣá, torí ibẹ̀ ló yẹ kí ẹni tí ò gùn rí ti bẹ̀rẹ̀. Kò jìnnà sí Peebles rárá. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń pín ọ̀nà: ewéko tútù ló rọrùn jù, búlúù tẹ̀ lé e, pupa wá le, dúdú ló le jù. Ẹ gba àwọ̀ yẹn gbọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ẹnu dídùn tì yín sórí dúdú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Búlúù Glentress wà lára ọ̀nà tó dáa jù tí mo tíì gùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ó fẹ̀, kò ga jù, wọ́n sì ṣe kọ́nà ẹ̀ dáadáa. Lóṣù August ọdún 2023, nígbà tí wọ́n gbé ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé wá sí Skọ́tláńdì, Glentress yìí ni wọ́n ti ṣe ti orí òkè, Tom Pidcock ló gba ipò kìíní láàárín àwọn ọkùnrin, Pauline Ferrand-Prévot gba tàwọn obìnrin. Inú igbó kan náà ni ọmọ ọdún méje ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ lórí yẹ̀pẹ̀, ìyẹn máa ń wú mi lórí gan-an.

Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin wá láti Manchester, ibẹ̀ náà ni mo mú un lọ. Ó mọ kẹ̀kẹ́ gùn lójú títì, ṣùgbọ́n kò dé inú igbó rí. Ohun tó kọ́kọ́ bà á lẹ́rù ni berm, ìyẹn kọ́nà tí wọ́n mọ yẹ̀pẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ògiri tó dagun, tó jẹ́ pé ara ògiri yẹn gan-an lẹ máa gbé táyà gùn. Ó dúró lókè, ó wo ìsàlẹ̀, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ dákun, ṣé mi ò ní fò jáde lódìkejì báyìí?" Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo ní kó tẹ bíréèkì kó tó wọ kọ́nà, tó bá ti wọlé kó jọ̀wọ́ ẹ̀, kó dìde dúró lórí pẹ́dà, kó jẹ́ kí pẹ́dà méjèèjì wà lọ́gbọọgba, kó tẹ ìgbọ̀nwọ́ kó sì jẹ́ kó ṣí síta, kó wá wo ibi tó fẹ́ jáde sí, kó má wo iwájú táyà. Ìwò yẹn ni gbogbo ẹ̀. Ibi tójú ń wò ni kẹ̀kẹ́ ń lọ, ẹni tó bá tẹjú mọ́ igi á lọ bá igi. Ó wọ ti àkọ́kọ́, ó rọra, ó wọ ìkejì, nígbà tó máa fi dé ibi ìkẹrin ó ti ń pariwo, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sún, ẹ sún fún mi!" Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè mí ní gbogbo Friday.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfin díẹ̀, torí ó wà lára ìdí tí mo fi fẹ́ràn ìhà ibí. Ní Skọ́tláńdì, òfin ilẹ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2003 fún gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti gba orí ilẹ̀ púpọ̀ jù lọ kọjá, ẹlẹ́sẹ̀ o, ẹlẹ́ṣin o, ọlọ́kẹ̀kẹ́ o, ìyẹn tẹ́ ẹ bá ti ń hùwà ọmọlúàbí, tẹ́ ẹ ò ba irè oko jẹ́, tẹ́ ẹ ò gba àgbàlá ilé onílé, tẹ́ ẹ pa géètì dé padà bẹ́ ẹ ṣe bá a. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni ọlọ́kẹ̀kẹ́ ò lẹ́tọ̀ọ́ sí, àfi ọ̀nà tí ẹlẹ́ṣin ń gbà àti irú wọn. Torí náà ẹni tó ń gbé Leeds tàbí Newcastle tó ti ń bẹ̀rù pé wọ́n á lé òun kúrò lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tó bá ti kọjá ààlà ara á tù ú. Wọn kì í wò yín bí àjèjì tí kò yẹ níbẹ̀. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ bá pàdé á kí yín, á béèrè bóyá nǹkan bàjẹ́ tẹ́ ẹ bá dúró, ẹni dúdú ò tíì pọ̀ lára wọn, òótọ́ nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí mo ṣe ń kọ èyí.

Ó yá, Dalbeattie. Tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan nínú méjèèje, Dalbeattie ni màá mú, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ fún yín. Akọ òkúta ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, granite. Wọ́n ti gbẹ́ òkúta yẹn ríì, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ síbi tó jìnnà, ó wà lára ohun tí wọ́n fi mọ ògiri etí odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀nà pupa ibẹ̀, Hardrock ni wọ́n ń pè é, orúkọ yẹn sì rò ó, torí àwọn tó la ọ̀nà náà ò yà fún òkúta, wọ́n gbé ọ̀nà gba orí ẹ̀ ni. Ẹ ó máa lọ láàárín igi, yẹ̀pẹ̀ ló wà lábẹ́ yín, lójijì ilẹ̀ á funfun, á le, ẹ ó gòkè orí àpáta kan, ẹ ó rọra yí lórí ẹ̀, ẹ ó tún sọ̀ kalẹ̀ padà sínú yẹ̀pẹ̀. Tí ojú bá mọ́ rekete ẹ máa rí òkun láti ibi tó ga.

Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, mo sì ti gun òkè Ìdànrè nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, mo mọ bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń di àpáta mú. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ní Dalbeattie tí mo fọwọ́ kan ilẹ̀, bí ìgbà tí mo padà sí Ìdànrè ni, ó rí ṣákiṣàki lọ́wọ́ bákan náà, egunrín dúdú àti funfun àti èyí tó pọ́n díẹ̀ wà nínú ẹ̀, tí oòrùn bá kàn án á máa dán. Ṣíṣákiṣàki yẹn ló ń di táyà mú. Gbòǹgbò igi tó bá tutù á yọ̀ bí ọṣẹ, pákó tó bá tutù burú ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n akọ òkúta yìí, òjò pa á, táyà ṣì máa dì í mú. Ẹ̀rù lẹ máa kọ́kọ́ borí, torí ojú ń sọ pé èyí á yọ̀, táyà ń sọ pé rárá, ó sì máa pẹ́ díẹ̀ kí ọkàn tó gba ti táyà gbọ́.

Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní the Slab. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkúta ni, ó tẹ́jú, ó ga, ó dagun débi pé tẹ́ ẹ bá dúró lókè ẹ ò ní rí ìsàlẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá sún dé etí ẹ̀ gan-an. Ọ̀nà àyàbá ni, ẹni tí ò bá fẹ́ gùn ún á gba ẹ̀gbẹ́ lọ, kò sóhun ìtìjú níbẹ̀. Bí mo ṣe máa ń ṣe é rèé: màá sọ̀ kalẹ̀, màá gbé kẹ̀kẹ́ ti igi, màá fẹsẹ̀ rìn dé ìsàlẹ̀ ẹ̀ màá wo ibi tí táyà iwájú máa bọ́ sí, bóyá òjò ti wa ilẹ̀ ibẹ̀ àbí ẹ̀ka igi ti já síbẹ̀. Tí mo bá padà sókè màá rẹ ìjókòó kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ pátápátá, kẹ̀kẹ́ tòde òní ní bọ́tìnì kan lára háńdù tẹ́ ẹ máa tẹ̀ tí ìjókòó á fi wọlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ ẹ rí i pé ó ní i. Màá wá wọ inú ẹ̀ jẹ́jẹ́, gìgísẹ̀ á wọlẹ̀, ìdí á lọ sẹ́yìn díẹ̀, ìka kan péré lórí bíréèkì kọ̀ọ̀kan, n kò ní gbá tiwájú mú lójijì torí ìyẹn ló máa ń gbé èèyàn fò kọjá háńdù. Ó máa ń yára parí. Ẹ máa gbọ́ ariwo táyà lórí òkúta, ṣììì, lẹ́yìn náà yẹ̀pẹ̀ á gbà yín, ó parí, àyà yín á máa lù kìkì ẹ sì máa fẹ́ padà sókè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mabie àti Ae, n ò ní pẹ́ lórí wọn. Mabie wà nítòsí Dumfries gan-an, igbó ẹ̀ ti dàgbà, igi oríṣiríṣi ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ dáa fún ẹni tó bá mú ọmọ dání. Ae jìnnà díẹ̀ sí àríwá, ọ̀nà pupa ẹ̀ lé ní kìlómítà 20, gígun òkè ibẹ̀ máa ń pẹ́, tẹ́ ẹ bá ti ń ṣíṣẹ́ alẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ ẹ sùn dáadáa kẹ́ ẹ tó lọ. Nǹkan tí mo fẹ́ràn jù lágbègbè yẹn kò sí nínú igbó pàápàá, abúlé kékeré kan ni, Keir Mill, nítòsí Thornhill. Ibẹ̀ ni Kirkpatrick Macmillan ti ṣe alágbẹ̀dẹ, òun ni wọ́n ní ó kọ́kọ́ ṣe kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà lọ́dún 1839. Àwọn òpìtàn kan ò gbà, wọ́n ní ẹ̀rí ẹ̀ ò tó, ìjà yẹn ò tíì parí, ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ ò fi orúkọ ẹ̀ ṣeré rárá. Alágbẹ̀dẹ abúlé ní ìtòsí igbó tí kẹ̀kẹ́ kún inú ẹ̀ lónìí, inú mi máa ń dùn tí mo bá rò ó.

Kirroughtree jìnnà, kò sí bá a ṣe fẹ́ sọ ọ́. Láti Glasgow ó máa gbà yín ju wákàtí méjì lọ, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Newton Stewart. Ẹ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àpò àtisùn. Inú igbó ńlá Galloway ló wà, òkè Merrick tó ga jù ní gbogbo gúúsù Skọ́tláńdì wà níhà ibẹ̀, mítà 843 ni. Lóru, tí kùrukùru ò bá sí, ìràwọ̀ máa ń pọ̀ lójú ọ̀run torí iná ìlú ò sí nítòsí. Ọdún 2009 ni wọ́n ti ka igbó yẹn sí ibi tí wọ́n ń dáàbò bo òkùnkùn ẹ̀. Nínú sọ́mà ẹ máa dúró pẹ́ kẹ́ ẹ tó rí ìràwọ̀ náà o, torí lóṣù June nǹkan bí aago 10 alẹ́ ni oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀. Ìmọ́lẹ̀ gígùn yẹn ni mo fi ń rí àyè gùn lẹ́yìn iṣẹ́. Ní ti ọ̀nà kẹ̀kẹ́, akọ òkúta tún ni Kirroughtree, ṣùgbọ́n tibẹ̀ gbòòrò ju ti Dalbeattie lọ, lórí ọ̀nà dúdú ẹ̀ ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní McMoab, àpáta lásán ni, ọlọ́nà rọra tọ́ka ibi tẹ́ ẹ máa gbà ni, ìyókù dọwọ́ yín. Ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ kẹ̀kẹ́ lò kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Innerleithen le. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ kedere: òkè ibẹ̀ dúró ṣánṣán, àwọn tó ń sáré ìsọ̀kalẹ̀ ló ni ibẹ̀, ọkọ̀ bọ́ọ̀sì wà tó máa gbé ẹ̀yin àti kẹ̀kẹ́ yín lọ sókè tẹ́ ẹ bá sanwó. Lódìkejì, lápá tí wọ́n ń pè ní Golfie, àwọn ọ̀nà tí àwọn ọmọ ìlú fọwọ́ gbẹ́ fúnra wọn ló wà níbẹ̀, wọn ò da òkúta sí i, yẹ̀pẹ̀ àti gbòǹgbò lásán ni, lọ́jọ́ tó bá gbẹ ó dùn ju gbogbo ohun tí mo ti kà sókè yìí lọ, lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ màá jókòó sílé. Newcastleton ní tiẹ̀ jẹ́ pẹ̀lẹ́, àwọn tó ń bọ̀ láti Carlisle ló sún mọ́ jù. Òkúta tí wọ́n fi dárà níbẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú méjèèje torí orí ààlà ni wọ́n gbé e sí, wọ́n dá ihò sí àárín ẹ̀, ẹni kan á dúró ní Skọ́tláńdì, ẹnì kejì á dúró ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́ láàárín. Èmi àti àbúrò mi ṣe é, a ya fọ́tò, ìyá wa ní Àkúrẹ́ ti fi ṣe sítátọ́ọ̀sì WhatsApp ẹ̀.

Ẹ máa ní òjò ńkọ́? Òjò á rọ̀. Skọ́tláńdì ni, sọ́mà ò ní kó má rọ̀. Ìdí tí ọ̀nà yìí ò fi ń bàjẹ́ ni pé òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n tẹ́ sórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n sì dagun ojú ọ̀nà díẹ̀ sápá ìsàlẹ̀ òkè kí omi lè ṣàn kọjá. Ẹ wò ó dáadáa tẹ́ ẹ bá ń gùn, lẹ́yìn ibi tó ga díẹ̀ ọ̀nà á tún rẹlẹ̀ díẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ibi tó rẹlẹ̀ yẹn ni omi ti ń jáde kúrò lójú ọ̀nà kó tó kó agbára jọ. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí omi lójú ọ̀nà ẹ gba àárín ẹ̀ kọjá, ẹ má yà sí koríko, yíyà yẹn ló ń sọ ọ̀nà di gbàgede ẹrẹ̀.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ múra sílẹ̀ fún ju òjò lọ ni kantíkantí. Midge ni wọ́n ń pè é níbí, láti May dé September ló máa ń jà, abo ẹ̀ ló ń jẹ èèyàn, ó fẹ́ràn ìgbà tí atẹ́gùn ò sí tí ilẹ̀ sì tutù, ìdájí àti ìrọ̀lẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń gùn kò ní rí yín mú, ibi tẹ́ ẹ bá ti dúró láti lẹ tíúbù ni á ti bò yín. Ẹ ra ìpara tó ń lé e, ẹ sì máa sinmi níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Èkejì ni eégbọn, èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí torí iṣẹ́ mi ni. Eégbọn inú koríko ibẹ̀ lè kó àrùn Lyme ran èèyàn. Tẹ́ ẹ bá délé ẹ yẹ ara yín wò, ẹ̀yìn orúnkún, abẹ́ apá, abẹ́ ikùn, ìdí irun. Tẹ́ ẹ bá rí i ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un níbi tó ti sún mọ́ awọ jù, ẹ rọra fà á tààrà sókè, ẹ má tẹ̀ ẹ́ fọ́, ẹ má da epo lé e. Àmì tí wọ́n máa ń júwe ni ara tó pọ́n roboto tó ń fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n lára awọ dúdú bíi tiwa pípọ́n yẹn kì í hàn dáadáa, ó lè dà bí ibi tí ara kàn ṣókùnkùn díẹ̀. Torí náà tí ibà bá mú yín, tí oríkèé ara ń ro yín, tó rẹ̀ yín ju bó ṣe yẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn igbó, ẹ lọ rí dókítà, ẹ sọ fún un pé eégbọn lè ti bu yín jẹ. Oògùn wà fún un, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin obìnrin, ọ̀rọ̀ irun. Ẹ má di ṣùkú lọ síbẹ̀, hẹ́límẹ́ẹ̀tì ò ní jókòó, ó máa dúró lórí òkè irun, tẹ́ ẹ bá ṣubú kò ní dáàbò bo ohunkóhun. Kọ́lẹ́sẹ̀ ló dáa jù, kó tẹ́lẹ̀, kó gba iwájú lọ sẹ́yìn, kí ìdí ẹ̀ bọ́ sábẹ́ ìpàkọ́ níbi tí hẹ́límẹ́ẹ̀tì ò dé. Ẹni tó bá fi irun kún un kó má jẹ́ kó nípọn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ wọ ohun ìdáàbòbò orúnkún, ẹ mú tíúbù àti pọ́ọ̀ǹpù dání, ẹ mú omi. Kúlíkúlì ni mo máa ń kó sápò tèmi, kì í rà, kì í yọ́, ó sì ń fúnni lágbára ju gbogbo súìtì tí wọ́n ń tà lọ.

Nǹkan kan tó kù ni pé igbó wọ̀nyí igbó iṣẹ́ ni wọ́n, wọ́n ń gé igi níbẹ̀ lójoojúmọ́, ọkọ̀ agégẹdú ń wọlé ń jáde. Lóṣù November ọdún 2021 ìjì kan tí wọ́n pè ní Arwen wó igi lulẹ̀ rẹpẹtẹ lápá odò Tweed, wọ́n ti ọ̀nà pa, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó rí i palẹ̀ mọ́. Àrùn kan tún ń pa igi larch ní Galloway, wọ́n ní láti gé púpọ̀ nínú ẹ̀ kó má baà ràn, ibi tẹ́ ẹ rántí pé ó jẹ́ igbó kìjikìji lè ti di gbangba. Tẹ́ ẹ bá rí àkọlé pé wọ́n ti ọ̀nà pa, ẹ padà, kódà tẹ́ ò bá gbọ́ ohùn ẹ̀rọ kankan. Igi tí wọ́n gé sílẹ̀ lè yí gbirigbiri sọ̀ kalẹ̀ láti òkè.

Ẹni tí ò ní mọ́tò, ọkọ̀ ojú irin láti Glasgow máa gbé yín dé Dumfries, Mabie ò ju ibi tẹ́ ẹ lè fi kẹ̀kẹ́ débẹ̀ lọ. Láti Edinburgh, ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n tún ṣí lọ́dún 2015 á gbé yín dé Galashiels, tàbí kẹ́ ẹ wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ Peebles, láti Peebles ọ̀nà kan wà tó tẹ́jú, ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ ni, ó lọ tààrà dé Innerleithen. Ẹ béèrè ṣáájú bóyá wọ́n máa gba kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Ẹni tí ò ní kẹ̀kẹ́ lè yá a ní Glentress, ẹni tí orúnkún ń dùn tàbí tí ara ò yá tó tẹ́lẹ̀ kó yá oníbátìrì, ó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ títí dé kìlómítà 25 ní wákàtí kan, lẹ́yìn ìyẹn ó kù sọ́wọ́ yín. Èmi àti àbúrò mi ń lọ Kirroughtree lóṣù August, tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó bá ti gun pupa rí tó fẹ́ bá wa lọ kó ránṣẹ́ sí mi kí oṣù July tó parí, torí ibi àtisùn ní Newton Stewart máa ń tètè kún.